Orúkọ Tí Kì í Bá Ilé Wó

Ẹ̀wà kan wà tí ó funfun, tí ojú rẹ̀ dúdú bí ojú ẹni tí ó lé tìróò. Bí a bá bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, kò sí ohun tí ìyá ẹlẹ́wà ọjà Bódìjà yóò rí lára rẹ̀ tí yóò fi yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó láti ọdún 1967, ni wọ́n tọ́ irúgbìn náà dàgbà, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ ni IT97K-499-35: IT dúró fún iléeṣẹ́ náà, 97 dúró fún ọdún 1997, K sì dúró fún Kánò. Nígbà tí ó hàn gbangba pé ewéko apanirun tí ń fa oje ẹ̀wà láti ìdí gbòǹgbò bí afòmọ́ ti ń fa oje igi kò rí ẹ̀wà yìí gbé ṣe, orílẹ̀-èdè púpọ̀ nawọ́ gán an. Ó dé Gánà, wọ́n sọ ọ́ ní Songotra. Ó dé Mali, wọ́n sọ ọ́ ní Jiguiya. Nígbà tí a sì fi ọwọ́ ìjọba gbà á wọlé ní Nàìjíríà, ó di SAMPEA 10. Ọmọ kan ṣoṣo ni, orúkọ mẹ́rin ni ó ń jẹ́.

Kò sí ibi nínú èyí fún àgbẹ̀ tí ń gbìn ín, nítorí pé ọmọ tí ayé bá fẹ́ràn ni wọ́n ń fún ní orúkọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó sínú yàrá ìkàwé, tí ó fẹ́ mọ iye ìgbà tí a ti dán ẹ̀wà yìí wò lórí ilẹ̀ Áfíríkà àti ohun tí wọ́n kórè níbẹ̀. Yóò ka àbọ̀ ìwádìí láti Gánà nípa Songotra, yóò ka ti Mali nípa Jiguiya, yóò sì ka ti Nàìjíríà nípa SAMPEA 10, bí kò bá sì sí ẹni tí ó tọ́ ọ sọ́nà, ẹ̀wà mẹ́ta ni yóò kọ sínú ìwé rẹ̀ níbi tí ẹyọ kan ṣoṣo wà. Ẹni tí ó bá tún ka ìwé tirẹ̀ yóò gba àṣìṣe náà bí òtítọ́, yóò sì gbé e lọ síwájú, títí tí irọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ọ́mọ̀ pa yóò fi di ohun tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí.

Nítorí irú ewu báyìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi fẹnu kò pé gbogbo ohun tí ìwádìí bá mú jáde, ìbáà jẹ́ òǹkà òjò ogún ọdún, ìbáà jẹ́ àwòrán inú ẹ̀jẹ̀ tí a fi ẹ̀rọ yà, ìbáà jẹ́ irúgbìn inú yàrá òtútù, ó yẹ kí ó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Nǹkan méjì ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ńbà náà. Wọn kò gbọdọ̀ rí ohun mìíràn lábẹ́ ọ̀run tí ń jẹ́ ẹ. Kò sì gbọdọ̀ yẹ̀, kí ẹni tí ó bá pè é lónìí àti ẹni tí yóò pè é ní ogójì ọdún sí i bá ohun kan náà pàdé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kan tẹ ìlànà FAIR jáde nínú ìwé ìròyìn Scientific Data ní ọdún 2016, láti kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú dátà ìwádìí tí yóò fi wúlò fún ẹlòmíràn, ohun tí wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́ gan-an nìyí, wọ́n sì mọ ìdí: ohun tí a kò lè pè lórúkọ, a kò lè rán ẹnikẹ́ni lọ mú un wá.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: ọmọkùnrin tí ó dé lẹ́yìn ikú bàbá àgbà ni Babátúndé, èyí tí a bí sójú ọ̀nà ni Abíọ́nà, èyí tí ó gbé olóbi kọ́rùn wá sáyé ni Òjó tàbí Àìná. Orúkọ wa ń ròyìn, ó ń ṣọpẹ́, ó ń bá ọ̀tá wí. Nítorí èyí, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó dára jù lọ ni èyí tí kò sọ ohunkóhun, èyí tí a kò lè wò kí a mọ ilé tí ó ti wá, tàbí ọdún tí a bí i, tàbí ẹni tí ó bí i, ọkàn mi kọ̀ ọ́. Mo rò pé àìmọyì orúkọ ni. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ọ̀rọ̀ wọn ní gbòǹgbò, gbòǹgbò náà sì ni pé dátà kì í gbé ojú kan. Ọmọ ènìyàn lè kó láti Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó kí ó ṣì máa jẹ́ Abíọ́nà, ṣùgbọ́n bí a bá fi ilé ṣe orúkọ ohun kan, ọjọ́ tí ilé bá wó ni orúkọ wó. Ẹni tí ó bá ti fi orúkọ Yunifásítì Ifẹ̀ sínú nọ́ńbà dátà rẹ̀ kí ó tó di ọdún 1987, tí Yunifásítì náà di Obafemi Awolowo, ìbéèrè ni yóò máa dáhùn títí di òní.

Bẹ́ẹ̀ ni àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti rí. Ilé ni í júwe, kì í júwe onílé. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ń ka ìwé ìwádìí kan lórí òjò àti ìkórè, ìwé tí a fi làákàyè kọ, òǹkọ̀wé rẹ̀ sì fi tọkàntọkàn kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ rí òǹkà tí òun fi ṣiṣẹ́, kí ó lọ sí àdírẹ́sì báyìí báyìí. Mo tẹ àdírẹ́sì náà. Ojú ìwé òfìfo ni ó kí mi káàbọ̀. Mo kọ lẹ́tà sí òǹkọ̀wé lórí íméèlì. Lẹ́tà padà sọ́wọ́ mi pé kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Mo wá fóònù sí iléeṣẹ́ tí ó ti ṣiṣẹ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì fi sùúrù dá mi lóhùn pé, “Ẹ má bínú, sà, kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó o sí ti bàjẹ́, ọ̀gá tí ó sì mọ̀ nípa rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹkà tí àwọn kan fi oòrùn àti òjò kó jọ ti lọ, kò sì sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi.

Ìrírí mi kì í ṣe tèmi nìkan. Timothy Vines àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ìwé ìwádìí 516 tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2 títí dé ọdún 22, wọ́n sì ń kọ̀wé sí àwọn òǹkọ̀wé pé kí wọ́n jọ̀wọ́ dátà tí wọ́n fi ṣiṣẹ́. Àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú Current Biology ní ọdún 2014 ni pé ọdọọdún tí ìwé bá ń dàgbà, ìrètí pé dátà rẹ̀ ṣì wà láyé ń fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. Dátà òmíràn wà nínú ohun ìpamọ́ tí kò sí ẹ̀rọ tí ó lè kà á mọ́. Àdírẹ́sì íméèlì àwọn òǹkọ̀wé pàápàá ń kú bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Ọ̀nà àbáyọ tí ó gbilẹ̀ jù lọ lónìí ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Robert Kahn, ará Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó gbé ìlànà TCP/IP kalẹ̀, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òun ni ó ronú ètò kan tí a ń pè ní Handle, lórí ètò yìí ni a sì kọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní DOI lé, èyí tí a dá àjọ kan sílẹ̀ ní ọdún 1998 láti máa ṣàkóso. Gbogbo DOI ni ó ń fi 10 bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àmì ìdánudúró kan, òǹkà tí ó tẹ̀lé e ni ti ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ nǹkan lórúkọ: 5281, fún àpẹẹrẹ, ni ti Zenodo, ilé ìpamọ́ dátà tí iléeṣẹ́ ìwádìí CERN ní Geneva ṣí sílẹ̀ ní ọdún 2013. Lẹ́yìn ìlà tí ó dagun, ìyókù wà lọ́wọ́ onílé, bí ó bá ti wù ú ni kí ó kọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti sọ ọmọ méjì ní orúkọ kan.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro fún ẹni tí ó ti dé ìlú àjèjì rí. Àlejò tí ó wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí Ìbàdàn pẹ̀lú àdírẹ́sì àtijọ́ yóò lọ dúró níwájú ilé tí a ti wó ní Òkè-Àdó, yóò máa kan ilẹ̀kùn tí kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yà sí, tí ó dárúkọ ọ̀rẹ́ náà, baálẹ̀ yóò ní, “Àá, ó ti kó kúrò níbẹ̀, Mọ́kọ́lá ni ó wà báyìí,” yóò sì fi ọmọ kan tẹ̀lé e. Baálẹ̀ yẹn ni doi.org. Ẹni tí ó bá kọ nọ́ńbà DOI sẹ́yìn rẹ̀ kò mọ ibi tí dátà wà, kò sì yẹ kí ó mọ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ó wà lọ́hùn-ún ni ó mọ̀, òun ni yóò sì darí rẹ̀ lọ sí ibùgbé òní.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀. Wọ́n rò pé nọ́ńbà ní agbára kan nínú ara rẹ̀, bí ońdè, pé bí a bá ti so ó mọ́ dátà lọ́rùn, dátà kò ní kú mọ́. Nọ́ńbà kò ní agbára kankan. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ń tọ́jú dátà gbọ́dọ̀ máa padà sídìí ìwé ìforúkọsílẹ̀ nígbà gbogbo tí dátà bá ṣípò, láti pa àdírẹ́sì àtijọ́ rẹ́ kí ó sì kọ tuntun. Bí baálẹ̀ kò bá gbọ́ pé onílé ti kó lọ, kí ni yóò sọ fún àlejò? Àìyẹ̀ tí à ń wí yìí, ẹ̀jẹ́ ni, ènìyàn ni ó ń san án. Olùtọ́jú ilé ìkàwé kan ni, tí ó jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ, tí ó ń tún àdírẹ́sì ẹgbẹ̀rún méjì DOI kọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé bí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ìdí nìyí tí a kò fi ń fún ẹnikẹ́ni tí ó bá sáà ti fẹ́ ní àṣẹ àtifi DOI sọ dátà lórúkọ. Ilé ìkàwé TIB ní Hannover, ní ilẹ̀ Jámánì, ni ó ṣáájú nínú fífún dátà ìwádìí ní DOI, ní ọdún 2005. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2009 ni ilé ìkàwé àti iléeṣẹ́ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè mélòó kan péjọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ DataCite sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba àṣẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ gbà láti máa tọ́jú ohun tí ó bá sọ lórúkọ.

Bí dátà bá wá kú ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé àṣìṣe ńlá wà nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àṣírí àwọn aláìsàn ni ó tú síta, tí ó fi di dandan láti yọ ọ́ kúrò. Nọ́ńbà rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a lọ, a kò sì gbọdọ̀ fi sọ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé e yóò dé ojú oórì: ojú ìwé kan tí ó ṣì ń sọ ohun tí dátà náà jẹ́, ẹni tí ó ṣe é, ọjọ́ tí ó jáde, àti ìdí tí a fi mú un kúrò. Bí ẹnìkan bá ti fi dátà náà kọ ìwé ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, òǹkàwé rẹ̀ yóò mọ̀ pé kì í ṣe irọ́ ni ó pa.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe tilẹ̀ le ju ti ikú lọ. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jà ní Wuhan, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà fi àkójọ lẹ́tà àbùdá kòkòrò náà ránṣẹ́ sí ilé ìpamọ́ GenBank ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà tí ó sì gbà ni MN908947. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún tún un ṣe. GenBank kò sọ ọ́ ní orúkọ mìíràn, kò sì fi tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Àmì kékeré kan ni ó fi kún ìdí rẹ̀, .1, .2, .3. Èyí tí ó ní .3, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 29,903, ni ayé fi ń wọn gbogbo ẹ̀yà kòrónà tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí aláìsàn àkọ́kọ́ yọjú ní ìpínlẹ̀ Èkó ní ìparí oṣù Èrèlé ọdún yẹn, tí àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, sì ka àbùdá kòkòrò náà láàárín ọjọ́ díẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà, òun náà gba nọ́ńbà tirẹ̀ ní ilé ìpamọ́ GISAID: EPI_ISL_413550. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá wí ní Tókíyò pé òun fi ti Èkó wé ti Wuhan lè sọ èyí tí òun ń wí ní pàtó, títí dé orí lẹ́tà kan ṣoṣo.

Àwọn kan béèrè pé ṣé gbogbo ìlà inú tábìlì ni kí a wá fún ní nọ́ńbà ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn yóò fẹ́ tọ́ka sí lódindi ni ó yẹ kí ó ní orúkọ. A kì í sọ ìka ọwọ́ ọmọ lórúkọ níjọ́ ìkómọ. Zenodo ṣe é dáadáa lójú mi: ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà kan sì wà tí ó kó gbogbo wọn pọ̀ bí agboolé.

Mo ti wí pé orúkọ tí kò sọ nǹkan kan dùn mí lọ́kàn. Ohun tí ó tù mí nínú ni mo rí nídìí irúgbìn. Ní yàrá òtútù IITA ní Ìbàdàn, ẹ̀yà ẹ̀wà tí ó lé ní 15,000 ni ó wà nínú àpò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TVu. Ti ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TMe, ti iṣu funfun pẹ̀lú TDr. Àmì wọ̀nyí tó fún ẹni tí ó wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n irúgbìn kì í jókòó sílé. Nígbà tí a ṣí ilé ìpamọ́ Svalbard sínú òkè yìnyín ilẹ̀ Norway ní ọdún 2008, irúgbìn láti Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ débẹ̀, a sì ń fi òmíràn ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ káàkiri ayé. Àdéhùn àgbáyé lórí irúgbìn oúnjẹ, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Róòmù ní ọdún 2001 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2004, wá gba DOI wọlé fún irúgbìn fúnra rẹ̀, tí gbogbo wọn ń fi 10.18730 bẹ̀rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ kan bá gba irúgbìn lọ́wọ́ òmíràn tí ó sì gbà á sínú agbo tirẹ̀, kì í fi nọ́ńbà ẹni tí ó fún un pè é, nítorí pé irúgbìn tí a tún gbìn lórí ilẹ̀ mìíràn lè yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń gba nọ́ńbà tuntun, a sì ń kọ nọ́ńbà òbí rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn nọ́ńbà náà, pẹ̀lú ibi tí a ti rí i, ọdún tí a kó o, àti gbogbo orúkọ mìíràn tí ó ń jẹ́.

Ìgbà náà ni ó yé mi. Nọ́ńbà náà ni orúkọ, àkọsílẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni oríkì. Àwa náà kò da àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn rí. Ẹni tí ó bá pe orúkọ, ẹnìkan á jẹ́. Ṣùgbọ́n oríkì orílẹ̀ ni ó ń sọ ibi tí ó ti ṣẹ̀, ẹni tí ó bí i, ẹni tí ó bí ẹni tí ó bí i. Oríkì lè gùn sí i, a lè tún un ṣe bí a bá rí i pé a ṣì í kì. Orúkọ wà lójú kan, ó dákẹ́, kí gbogbo ìyẹn lè rí ibi dúró sí.

Àwọn olùwádìí náà ti ń gba nọ́ńbà. Láti oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2012 ni ORCID ti ń fún wọn ní òǹkà mẹ́rìndínlógún, èyí tí ó gbẹ̀yìn nínú wọn sì ni a fi ń mọ̀ bóyá a ti ṣì wọ́n kọ. Ó wúlò fún wa ju bí a ti rò lọ, àwa tí Adéyẹmí pọ̀ nínú wa bí ewé, tí obìnrin wa ń gba orúkọ ọkọ lẹ́yìn ìwé kẹta, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ń jẹ àmì ohùn orí orúkọ wa.

Ohun tí ó kù wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kọ ìwé. Kí ó má ṣe fi dátà sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ tàbí sójú ewé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kí ó gbé e lọ sí ilé ìpamọ́ tí ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ìtọ́jú, kí ó gba nọ́ńbà kí ìwé tó jáde, kí ó sì kọ ọ́ sáàárín àwọn ìwé tí ó tọ́ka sí, kì í ṣe sínú ìlà ìdúpẹ́, nítorí pé ibi ìtọ́ka ni àwọn tí ń ka iye ìgbà tí a lo iṣẹ́ ènìyàn ń wò, ẹni tí ó kó dátà jọ sì yẹ fún iyì tirẹ̀. Kí ó ṣí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí ó tẹ nọ́ńbà náà, kí ó rí i pé ó débẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀wà Songotra ni ó gbìn, kí ó kọ Songotra gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Gánà ti ń pè é, kí ó wá kọ nọ́ńbà irúgbìn tí ó gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí ń gbin Jiguiya ní Mali lè tẹ̀ ẹ́, kí ó sì rí i pé ẹ̀wà òun ni wọ́n ń wí.